Orí Kẹfà: Ọ̀rọ̀ Kan, Ojú-Ìwé Púpọ̀ – ‘Spring’ Nínú Ìròyìn

Ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ní Arámọkọ tàbí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè lọ́dún 2011 yóò ti pàdé ọ̀rọ̀ kan léraléra: ‘spring’. Ní ojú-ìwé ìròyìn òkèèrè, ‘Arab Spring’ ni wọ́n ń pe rúkèrúdò tó ń yẹ àga mọ́ àwọn olórí ilẹ̀ Lárúbáwá nídìí. Ní ojú-ìwé ọrọ̀ ajé, ọ̀rọ̀ Spring Bank ni wọ́n ń sọ, ilé ìfowópamọ́ tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún náà. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, Springboks, ikọ̀ rugby ilẹ̀ South Africa, bọ́ sí ojú-ìwé eré ìdárayá, nítorí Australia fi àmì ayò 11 sí 9 lé wọn kúrò nínú ìdíje ife àgbáyé. Nínú ìròyìn ìpínlẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀, Ikogosi Warm Spring ni, ibùdó ìgbafẹ́ tó wà lára ohun tí ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí, tó gorí àlééfà ní oṣù Kẹwàá 2010, dáwọ́ lé àtúnṣe rẹ̀. Bí òǹkàwé náà bá sì yà sí ojú-ìwé òde àríyá, spring roll ń bẹ níbẹ̀, ó jókòó ti puff-puff àti samosa nínú àwo small chops.

Lẹ́tà mẹ́fà péré.

Ọ̀tẹ̀, owó, eré ìdárayá, omi, ìpanu: báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe ń jẹ́ gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí tí kò fi dàrú mọ́ òǹkàwé lójú? Ìgbà wo ló sì máa ń dàrú? Ó yẹ kí ìwé ìlera béèrè bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dàrú nínú ìròyìn òṣèlú tàbí ti àríyá, ẹ̀rín la ó fi rín. Bó bá dàrú nínú ọ̀rọ̀ ìlera, ojú ọmọ lè bá a lọ, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i níwájú.

Ohun tó ta jáde

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan, ‘springan’. Wọ́n ń lò ó fún ohun tó bá fò, tó bẹ́, tàbí tó ta jáde lójijì. Omi tó ń tú jáde láti inú ilẹ̀ gba orúkọ náà tipẹ́tipẹ́. Irin tí wọ́n ká kọ́rọkọ̀rọ, tí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó sì ta padà, òun náà gbà á; òun ni àwọn mẹkáníìkì ní Ìjerò ń pè ní sípíríǹgì títí di òní. Àkókò tí ewé ń rú lórí igi ní ilẹ̀ Yúróòpù lẹ́yìn òtútù tún gbà á, ìyẹn ìgbà tí àwọn atúmọ̀ èdè Yorùbá ń pè ní ìgbà ìrúwé. Kí ‘spring’ tó gba ipò yìí, ‘Lent’ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe àkókò náà. Ìgbà tí ‘spring’ dé ni ‘Lent’ wá di ti ààwẹ̀ àwọn Kírísítẹ́nì nìkan.

Springbok jẹ́ ẹran kan nínú ẹbí ẹtu, tó máa ń ta sókè fíò bí ẹ̀rù bá bà á. Àwọn ará South Africa tó ń sọ èdè tó ti ara èdè Dutch wá ló fún un lórúkọ, nítorí gbòǹgbò kan náà ni èdè wọn àti Gẹ̀ẹ́sì ti hù. Spring roll ní tirẹ̀ jẹ́ ìtumọ̀ orúkọ tí àwọn ará Ṣáínà ń pe oúnjẹ náà, nítorí àsìkò ayẹyẹ ìgbà ìrúwé ni wọ́n máa ń jẹ ẹ́ jù. Ẹni tó bá tọpa gbogbo wọn dáadáa yóò rí i pé ọ̀dọ̀ ‘ohun tó ta jáde’ ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá.

Lọ́dún 1897, onímọ̀ èdè ará Faransé, Michel Bréal, fún àṣà yìí lórúkọ nínú ìwé rẹ̀: ‘polysémie’, pé kí ọ̀rọ̀ kan ní ìtumọ̀ púpọ̀ tó bára tan. Lọ́dún 1945, George Kingsley Zipf ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí àwọn ènìyàn bá ṣe ń lo ọ̀rọ̀ kan tó ni ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ti Oxford kà tó ìtumọ̀ 645 fún ‘run’ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọ̀rọ̀ tí kò sinmi lẹ́nu ènìyàn ni ìtumọ̀ rẹ̀ máa ń bí sí i.

Omi Ìkògòsì

Ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ìtumọ̀ tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni ti omi. Ìkògòsì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, tí Arámọkọ jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Omi méjì ló ń sun níbẹ̀: ọ̀kan lọ́wọ́ọ́wọ́, èkejì tútù. Àwọn méjèèjì ń ṣàn wá pàdé, ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ ibi ìpàdé náà yóò sì mọ èyí tó gbóná yàtọ̀ sí èyí tó tutù. Ìtàn àwọn ará ìlú sọ pé orogún méjì ni wọ́n, ìyàwó ọkọ kan náà, tí inú ọ̀kan máa ń tètè ru, tí ara èkejì sì tutù.

Àlàyé àwọn onímọ̀ nípa àpáta gba ọ̀nà mìíràn. Òkè tó gba Ẹ̀fọ̀n-Alààyè kọjá, tó lọ sí ìhà Ìpólé-Ìlórò níbi tí omi Àríǹta ti ń já, jẹ́ òkè quartzite, òkúta líle tó kún fún pàlàpálá. Orúkọ ìlú Ẹ̀fọ̀n gan-an ni wọ́n fi ń pe àpáta náà nínú ìwé wọn: Effon Psammite. Omi òjò tó rọ̀ sórí òkè máa ń gba inú pàlàpálá wọ̀nyí wọlẹ̀ lọ jìnnà. Bí a bá sì ṣe ń wọ inú ilẹ̀ lọ ni ooru ń pọ̀ sí i. Káàkiri àgbáyé, ó máa ń fi nǹkan bí 25 sí 30°C lé sí i fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Omi tó ti lọ jìnnà báyìí gbóná nísàlẹ̀, ó rí pàlàpálá mìíràn gbà padà sókè, ó sì jáde kí ó tó rí àyè tutù tán. Èyí tí kò wọlẹ̀ jìnnà jáde ní tútù. Òjò kan náà ni wọ́n; jíjìn ọ̀nà tí wọ́n gbà ló mú wọn yàtọ̀.

Níbi tí ìròyìn ti ń ṣi òǹkàwé lọ́nà ni iye ìgbóná omi náà. Ọ̀pọ̀ ìwé ìrìn-àjò ìgbafẹ́ ló ń kọ ọ́ pé omi náà gbóná tó 70°C níbi tó ti ń sun. Àwọn onímọ̀ Rogers, Imevbore àti Adégòkè, tí wọ́n tẹ ìwádìí wọn lórí omi Ìkògòsì jáde lọ́dún 1969, bá a ní nǹkan bí 37°C, ìyẹn iye tí ara ènìyàn tó wà ní àlàáfíà máa ń gbóná tó. Kò sí ìdí láti wá ìwé jìnnà kí a tó mọ èyí tó tọ́. Omi 70°C lè bó awọ ara láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn àlejò sì ń kó ẹsẹ̀ bọ omi Ìkògòsì, àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún rẹ̀. Ìsun omi lọ́wọ́ọ́wọ́ mìíràn tí Nàìjíríà mọ̀ dáadáa, Wikki ní Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi, kò ju nǹkan bí 31°C lọ.

Ajíyìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà kan, John McGee, ló mú kí òkìkí ibẹ̀ kàn láti ọdún 1952, nígbà tó sọ ọ́ di ibi àgọ́ àwọn ọ̀dọ́. Lẹ́yìn náà ni iléeṣẹ́ UAC bẹ̀rẹ̀ sí í rọ omi náà sínú ìgò, tó ń tà á lórúkọ Gossy. Nígbà náà ni ‘spring’ ti Ìkògòsì bọ́ láti ojú-ìwé ìgbafẹ́ sí ojú-ìwé ọjà.

Orúkọ Spring Bank pẹ̀lú kò ṣàìkan Èkìtì. Nígbà tí Charles Soludo wà ní Báńkì Àpapọ̀, tó ní kí gbogbo ilé ìfowópamọ́ ní bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí, ilé ìfowópamọ́ 89 rún di 25. Mẹ́fà nínú wọn ló para pọ̀ di Spring Bank. Ọ̀kan nínú mẹ́fà yẹn ni Omega Bank, tó ti ń jẹ́ Owena Bank tẹ́lẹ̀, báńkì ìpínlẹ̀ Òǹdó àtijọ́ tí wọ́n yọ Èkìtì nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1996. Lọ́dún 2011, Spring Bank di Enterprise Bank. Heritage Bank ra Enterprise. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2024, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ Heritage náà.

Ìgbà tí kì í dé Èkìtì

Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni Èkìtì mọ̀. Ìgbà ìrúwé kì í dé ibẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, tó bá di oṣù Kẹrin, tí àwọn àgbẹ̀ Ìjerò ń wo ojú ọ̀run torí iṣu tí wọ́n gbìn, àwọn ìwé ìròyìn Nàìjíríà á kún fún ‘Spring Meetings’. Ìpàdé tí Báńkì Àgbáyé àti àjọ IMF máa ń ṣe ní Washington ni. Wálé Ẹ̀dun, mínísítà ètò ìnáwó, lọ síbẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2024. Orúkọ ìgbà ni ‘spring’ níbí, ìgbà náà sì jẹ́ ti ìlú olóòtútù. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, ó sì ń parí ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà. Ẹni tó wà ní Èkìtì kò lè wo ojú ọ̀run kó fi mọ ohun tó ń sọ.

‘Arab Spring’ tún jìn sí i. Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 2010 ni Mohamed Bouazizi, ọ̀dọ́ tó ń kiri èso ní Sidi Bouzid ní Tunisia, dáná sun ara rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn aláṣẹ gba ọjà rẹ̀. Ààrẹ Ben Ali sá lọ ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní 2011. Hosni Mubarak fi ipò sílẹ̀ ní Íjíbítì ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì. Tí a bá wo kàlẹ́ńdà, inú ìgbà òtútù ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Orúkọ náà kò bá oṣù mu nítorí inú ìtàn ni wọ́n ti yá a. Lọ́dún 1848, tí ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ káàkiri Yúróòpù, ‘ìgbà ìrúwé àwọn orílẹ̀-èdè’ ni wọ́n pè é. Lọ́dún 1968, ‘Prague Spring’ ni wọ́n pe àtúnṣe tí Alexander Dubček bẹ̀rẹ̀ ní Czechoslovakia ní oṣù Kìíní, títí tí àwọn ọmọ ogun Soviet àti ti àwọn alájọṣe wọn fi ya wọ ìlú lóru ọjọ́ 20 mọ́jú 21 oṣù Kẹjọ.

Ìwé kan tún wà tí orúkọ rẹ̀ máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà nínú ìròyìn ìlera: ‘Silent Spring’, tí Rachel Carson kọ lọ́dún 1962. Ìgbà ìrúwé tí ẹyẹ kankan kò kọrin ló ń sọ, nítorí oògùn apakòkòrò DDT ti pa wọ́n. Lọ́dún 1972, Amẹ́ríkà fòfin de lílo DDT lóko. Ẹni tó bá rò pé ìsun omi tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ni ìwé náà dá lé yóò pàdánù gbogbo ìkìlọ̀ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àti àwọn aládùúgbò rẹ̀

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ nígbà tí ènìyàn bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ méjì? Lọ́dún 1979, David Swinney tẹ ìdánwò kan jáde ní Amẹ́ríkà. Ó lo ọ̀rọ̀ ‘bug’, tó lè jẹ́ kòkòrò, tó sì lè jẹ́ ẹ̀rọ táṣẹ́rẹ́ tí àwọn amí fi ń dẹtí sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Gbólóhùn tó kà fún àwọn ènìyàn ti dárúkọ aláǹtakùn àti aáyán ṣáájú, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ronú kan amí mọ́. Síbẹ̀, lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n gbọ́ ‘bug’, wọ́n yára dá ọ̀rọ̀ ‘èèrà’ àti ọ̀rọ̀ ‘amí’ mọ̀ lọ́gbọọgba. Lẹ́yìn sílébù mẹ́ta péré, ‘èèrà’ nìkan ló kù. Ọpọlọ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì, ó wò ó lára àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká, ó sì ti ọ̀kan kí ènìyàn tó mọ̀ pé òun ṣiyèméjì rárá.

Lọ́dún 1980, Marta Kutas àti Steven Hillyard fi ẹ̀rọ tó ń wọn iná inú ọpọlọ wo ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà. Bí gbólóhùn bá gbé ọ̀rọ̀ tí kò bá àyè mu wá, àmì kan máa ń yọ nínú ọpọlọ lẹ́yìn nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n pè é ní N400.

Ẹ̀rọ kò ní irú ọpọlọ yẹn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni wọ́n kọ́ ọ. Láti ọdún 1949 ni Warren Weaver ti dá a lábàá pé kí ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ èdè wo ọ̀rọ̀ mélòó kan ṣáájú àti lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó rú u lójú. Lọ́dún 1992, William Gale, Kenneth Church àti David Yarowsky rí i pé bí ọ̀rọ̀ kan bá yọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìròyìn kan, ìtumọ̀ kan náà ló máa ń ní nígbà 98 nínú 100. Nítorí náà, inú ìwé ìròyìn odindi ni ‘spring’ ti ń yí padà. Nínú ìròyìn kọ̀ọ̀kan, ó máa ń dúró sójú kan.

Kọ̀ǹpútà gba àkókò kó tó fi èyí ṣe ìwà hù. Ọ̀nà word2vec tí Google gbé jáde lọ́dún 2013 fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè kan ṣoṣo, tí ó fi jẹ́ pé Ìkògòsì àti Prague jọ ń gbé inú ‘spring’ kan náà. Oṣù Kejìlá ọdún náà gan-an ni Google Translate fi Yorùbá kún àwọn èdè rẹ̀. Lọ́dún 2018 ni BERT dé, tó ń fún ọ̀rọ̀ ní àyè tuntun nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó yí i ká bá ṣe rí. Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì, ni BBC bẹ̀rẹ̀ ìròyìn ní Yorùbá.

Ojú tó ń yún ọmọ

Ọ̀rọ̀ ìlera ni àṣìṣe ti wọ́n jù, nítorí orúkọ àìsàn kì í sábà ní aládùúgbò tó ń ṣàlàyé rẹ̀. Àìsàn ojú kan wà tí ìwé ìṣègùn àtijọ́ ń pè ní ‘spring catarrh’. ‘Vernal’ ni àwọn dókítà ojú ń pè é báyìí; èdè Látìn ni, ìgbà ìrúwé ni òun náà ń sọ. Ní Yúróòpù, ìgbà tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó bá ń fò nínú afẹ́fẹ́ ni ó máa ń le jù, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ní Nàìjíríà tí kò ní ìgbà ìrúwé, ó ń bẹ yípo ọdún, ó sì wọ́pọ̀, nítorí ooru àti eruku bá a lára mu. Kátà tí a mọ̀ sí ikun imú kò sí nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ méjèèjì inú orúkọ náà ló ń tan ará Èkìtì jẹ.

Ohun tó jẹ́ èèwọ̀ ara ló ń fa àìsàn náà, kì í sì í ràn. Àwọn ọmọdé ló máa ń mú, ọkùnrin ju obìnrin lọ. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́wàá, ó sì máa ń rọlẹ̀ bó bá ti bàlágà. Ojú méjèèjì á máa yún ọmọ kíkankíkan, á máa nù ún ṣáá, ìmọ́lẹ̀ á máa ta á lójú, ìpin tó ń fà bí okùn á máa jáde, funfun ojú rẹ̀ sì lè ṣú.

Àwọn òbí sábà máa ń sọ pé àpólò ni. Àpólò náà ní ìtàn tirẹ̀ nínú ìròyìn. Ní oṣù Kẹfà 1969, àìsàn ojú pípọ́n kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí bẹ́ sílẹ̀ ní Accra, ó sì tàn gba etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún náà, Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá. Rédíò kò sọ nǹkan mìíràn, àwọn ènìyàn sì so méjèèjì pọ̀. Báyìí ni orúkọ ọkọ̀ òfuurufú ṣe di orúkọ àìsàn lẹ́nu Yorùbá.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ṣe pàtàkì. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa àpólò. Ó ń ràn, ó ń bẹ̀rẹ̀ lójijì, ó sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. ‘Spring catarrh’ lè gba ọdún púpọ̀. Òbí tó bá rò pé àpólò ni yóò lọ ra oògùn ojú ní kẹ́míìsì. Bí oògùn náà bá ní steroid nínú, yíyún á dá wọ́ọ́, wọn á sì máa tún un rà. Steroid tí ọmọ ń lò lójú fún oṣù púpọ̀ láìsí dókítà lè mú kí omi inú ẹyinjú ru sókè, kí glaucoma bẹ̀rẹ̀, kí iṣan ojú sì bàjẹ́. Èyí tó bá ti bàjẹ́ kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Ìmọ̀ràn tí ó bá èyí mu kò ṣòro. Kí ẹni tó ń ka ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì tàbí tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá wo ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e kí ó tó fún un ní ìtumọ̀. Bí orúkọ àìsàn bá sì ṣàjèjì, kí ó béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi tútù lé ojú ọmọ tó ń yún, ẹ má jẹ́ kó máa ra á, ẹ má sì fi ìtọ̀, ọmú tàbí àgbo sí i. Bí yíyún náà bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ gbé ọmọ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, tàbí ti ìpínlẹ̀ ní Adó-Èkìtì, kí ẹ sì mú ìgò oògùn tó ti ń lò dání.